Orí Karùn-ún: Ìtàn Ìmọ̀ Nípa Ìró

5.1 Ohun mẹ́ta tí etí ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà

Nígbà tí nǹkan bá dún, ohun mẹ́ta ló ń wọlé sí wa létí pa pọ̀: bí ìró náà ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ tó, bó ṣe pariwo tó, àti bó ṣe yára dé sí. Ìtàn ìmọ̀ ìró, láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àbọ̀ sẹ́yìn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ya àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀. Ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe. Archytas, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní ìró tó bá yá tó sì lágbára ni a máa ń gbọ́ bí ohùn òkè, èyí tó bá falẹ̀ tó sì rọ̀ ni a máa ń gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ọmọ Oǹdó kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn tán pátápátá, nítorí èdè tó ń sọ kò ní jẹ́. Ẹ rọra sọ “ọkọ́” fún ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ sì pariwo “ọkọ̀” sí ẹni tó wà lódìkejì títì. Ti àkọ́kọ́ rọ̀, àmọ́ ó parí sókè. Ìkejì le, àmọ́ ó parí sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi irinṣẹ́ oko pe mọ́tò nítorí pé ẹ pariwo. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ti fi etí ya gíga ohùn kúrò lára ariwo láti kékeré. Ohun tí a kò lè fi etí nìkan mọ̀ ni ìdí tí ohùn fi ń ga, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀.

5.2 Okùn títẹ́

Pythagoras àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí a bá ta okùn méjì tó dọ́gba ní sísanra àti ní ìfà, tí ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì èkejì ní gígùn, ohùn wọn máa ń bára mu débi pé etí fẹ́rẹ̀ẹ́ kà wọ́n sí ohùn kan náà. Bí gígùn wọn bá jẹ́ 3 sí 2, tàbí 4 sí 3, ohùn wọn tún máa ń dùn pọ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pé ìró òòlù alágbẹ̀dẹ ni Pythagoras fi wádìí èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ohùn òòlù kì í tẹ̀ lé ìwúwo rẹ̀ ní ọ̀nà tí ìtàn náà fi lélẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ lè dán an wò. Ó yani lẹ́nu pé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ńṣe ni ìwé kan ń kọ ọ́ láti inú ìwé mìíràn, láìsí ẹni tó gbé òòlù.

Iye tí Pythagoras rí jẹ́ ti gígùn okùn. Ohun tí okùn náà ń ṣe gan-an kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa títí di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1636, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, Marin Mersenne, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí orin àti ìró. Ọgbọ́n tó dá rọrùn: ó ta okùn tó gùn gan-an, tó ń fì síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi pé ojú lè kà á. Ó ka iye ìgbà tó fì. Lẹ́yìn náà ó gé okùn náà kúrú, ó sì rí i pé bí gígùn bá di ìdajì, iye ìgbọ̀n rẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì. Bó ṣe ń kúrú sí i tí ojú kò fi lè kà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ọ bí ohùn. Gíga ohùn, nígbà náà, kì í ṣe agbára, kì í sì í ṣe eré sísá: iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Galileo náà sọ ohun kan náà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1638. Lónìí, hertz ni a fi ń ka iye yìí. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bí hertz 20 dé 20,000.

Mersenne tún rí òfin kejì tí a ó lò níwájú. Bí a bá fẹ́ kí okùn kan náà gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, fífà á ní ìlọ́po méjì kò tó: ìlọ́po mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ fà á. Òfin kẹta ni pé okùn tó wúwo máa ń gbọ̀n díẹ̀ ju èyí tó fúyẹ́ lọ.

5.3 Àrá, ìbọn àti eré tí ìró ń sá

Ní Oǹdó, Ọ̀ràmfẹ̀ ni òrìṣà tí wọ́n mọ àrá mọ́, wọ́n sì máa ń ṣọdún rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti rí òjò oṣù kẹrin ní ìlú náà mọ̀ pé mànàmáná ló máa ń kọ́kọ́ kọ, kí àrá tó sán. Ojú ẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé. Ìró ń rìn bọ̀. Bí ìró bá ń rìn, a jẹ́ pé ó ní iye tó ń rìn, ó sì ní ohun tó ń gbà kọjá.

Ohun tó ń gbà kọjá ni àríyànjiyàn kọ́kọ́ wà lé lórí. Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù, ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Kristi pé bí omi ṣe ń ru yípo nígbà tí òkúta bá bọ́ sínú rẹ̀ ni ohùn ṣe ń tàn nínú afẹ́fẹ́, àti pé ti ohùn tún ń lọ sókè sódò. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó lè fi hàn. Ní 1660, Robert Boyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ròyìn bó ṣe fi okùn so aago kékeré kan rọ̀ sínú ìgò ńlá, tó sì fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde díẹ̀díẹ̀. Aago náà ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ń kú lọ títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó dá afẹ́fẹ́ padà, ìró padà. Okùn tó fi so ó ṣe pàtàkì: àwọn tó ti gbìyànjú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ṣì ń gbọ́ agogo wọn, nítorí ohun líle tí agogo náà so mọ́ lè gbé ìró jáde fún wọn.

Iye tí ìró ń rìn ni wọ́n fi ìbọn wọ̀n. Ẹnì kan yìnbọn lókèèrè, ẹnì kejì ka àkókò láàrin iná ìbọn àti ìró rẹ̀. Pierre Gassendi lo ìbọn ńlá àti ìbọn kékeré, ó sì rí i pé ìró méjèèjì, èyí tó wúwo àti èyí tó tín-ín-rín, ń dé ní àkókò kan náà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Archytas ṣe wó: gíga ohùn kò kan eré sísá. Ní 1709, William Derham, olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Áńgílíkà ní Upminster nítòsí Lọ́ńdọ̀n, gun òkè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ pẹ̀lú awò amúǹkan-súnmọ́ àti aago, wọ́n ń yìnbọn fún un láti oríṣiríṣi ibi tó jìnnà. Nǹkan bí mítà 348 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló rí, iye tó sún mọ́ ti òde òní gan-an.

Èyí kó Isaac Newton sí wàhálà. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1687, ó ti fi ìṣirò nìkan wá iye tí ìró yẹ kó máa rìn, ohun tó sì rí kò pé mítà 300. Ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú méje kéré sí ohun tí ìbọn Derham sọ. Nígbà tó tún ìwé náà ṣe ní 1713, ó wá àwáwí kiri: ó ní bóyá eruku inú afẹ́fẹ́ àti oru omi ló fà á. Mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ apá yìí nínú ìtàn Newton, nítorí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ó gbà á tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Laplace, ará Faransé, tó tú kókó náà ní 1816. Nígbà tí ìró bá ń kọjá, ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù ọwọ́ fọkanáísà lẹ́yìn tó fẹ́ táyà tán yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Newton rò pé ooru yẹn ń ráyè jáde. Laplace ní kò sáyè: ìró ń yára ju kí ooru náà sá lọ, ooru yìí sì ń mú kí afẹ́fẹ́ ta padà pẹ̀lú agbára sí i. Nígbà tó fi èyí kún ìṣirò, iye náà bá ti ìbọn mu.

Ooru ojú ọjọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tutù dé òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, mítà 331 ni ìró ń rìn. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi lé e máa ń fi nǹkan bí mítà 0.6 kún un. Ní ọ̀sán gangan ní Àkúrẹ́, tí ooru bá wà ní 30, ẹ lè ka ìró sí mítà 349. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta láàrin mànàmáná àti àrá, ó ti sán ní ibi tó jìnnà tó kìlómítà kan sí yín. Nínú omi ni ìró ti ń rìn kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1826, Colladon àti Sturm fi agogo tí wọ́n rì sínú adágún omi Geneva wọ̀n ọ́n, wọ́n rí mítà 1,435.

Ti ariwo kò gba àkókò wa púpọ̀. Desibẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wọ̀n ọ́n jáde láti ọwọ́ àwọn ẹnjinníà tẹlifóònù Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920, wọ́n sì fi orúkọ Alexander Graham Bell sọ ọ́. Kókó tó yẹ kí ẹ dì mú ni pé bí iye náà bá fi 10 lé, agbára ìró ti di ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ sì ni etí lè gbà á bí ìlọ́po méjì péré. Ìdí nìyí tí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́ láti àárọ̀ kì í fi mọ bí ohun tó ń wọ etí rẹ̀ ti pọ̀ tó.

5.4 Ojú awọ

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá-ìlù dùndún ní òde ìyàwó. Ìlù yìí ti wọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n sábà máa ń tọpa rẹ̀ lọ. Igi rẹ̀ fún ní ìbàdí, ojú rẹ̀ jẹ́ méjì, awọ ewúrẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi bò wọ́n, ọsán aláwọ ló sì fa ojú kan mọ́ èkejì yípo. Onílù gbé e kọ́ èjìká. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ọsán, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó bá fún ọsán mọ́ra, awọ ojú méjèèjì á le sí i, ohùn á sì lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Òfin kejì Mersenne ni ọwọ́ òsì náà ń lò, torí òfin ìfà kan náà ló de awọ àti okùn. Ẹ kíyè sí i pé sísúnmọ́ òkè sí i kò rọrùn bíi ti ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo ìgbà tí ohùn bá fẹ́ di ìlọ́po méjì, ìfà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọmọ Àyàn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ mọ èyí nínú iṣan apá wọn.

Awọ kò jọ okùn nínú ohun gbogbo ṣá. Okùn kan kì í dún ní ohùn kan ṣoṣo: bó ṣe ń gbọ̀n lódindi, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìdá mẹ́ta rẹ̀ ń gbọ̀n, tí iye wọn sì jẹ́ 1, 2, 3 lọ bẹ́ẹ̀. Ti awọ rírọ́bọ́tọ́ kò tò báyẹn. Lord Rayleigh, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìró tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1877, ṣàlàyé pé ohùn tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lára awọ jẹ́ ìlọ́po 1.59, kò sì pé 2. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìlù kò ṣe ní ohùn kan pàtó tí a lè kọrin tẹ̀ lé.

Onímọ̀ ará Íńdíà, C. V. Raman, ló fi hàn pé kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1920, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn ìlù Íńdíà tí wọ́n máa ń fi ohun dúdú kan lẹ àárín awọ wọn. Ìwúwo tí wọ́n fi síbẹ̀ ló ń fa àwọn ohùn awọ náà sọ́nà, tí wọ́n fi ń tò bíi ti okùn. Gúdúgúdú tiwa náà, ọmọ kékeré inú ẹbí dùndún tí wọ́n ń fi bílálà méjì lù, ní ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú awọ rẹ̀. Ohun tó dá wa lójú nípa rẹ̀ ni òfin kẹta Mersenne: ìwúwo ń mú ohùn wálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó tún ń to àwọn ohùn yòókù bí Raman ṣe rí i, ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ inú fóònù àti ọ̀sán kan nílé onílù ti tó láti wádìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, kò ní láti rìn jìnnà.

5.5 Ohun tí ìlù ń sọ àti ohun tó ń fi sílẹ̀

Ẹ di ohùn kan mú, kí ẹ má gbé e sókè, kí ẹ má sì jẹ́ kó wálẹ̀. Lórí ohùn yẹn, ẹ pe a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Iye ìgbọ̀n kò yí padà, síbẹ̀ fáwẹ́lì méje la gbọ́. Kí ló yàtọ̀? Ìbéèrè yìí ni Hermann von Helmholtz, oníṣègùn tó tún jẹ́ onímọ̀ físíìsì ní Jámánì, dáhùn nínú ìwé rẹ̀ ti 1863. Fourier, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn ní 1822 pé ìgbì èyíkéyìí tó ń padà wá bákan náà léraléra ṣeé tú sí àwọn ìgbì kéékèèké. Helmholtz ṣe ìgò rúbútú oríṣiríṣi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ ìpè ohùn kan ṣoṣo, ó ń fi wọ́n sí etí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n tú ohùn ènìyàn palẹ̀. Ó rí i pé bí ẹnu àti ahọ́n bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń gbé àwọn kan ga nínú àwọn ohùn tó so mọ́ ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń rẹ àwọn yòókù sílẹ̀. Ohun tó ń sọ “a” di “i” nìyẹn.

Ibí ni ìlù ti pín yà pẹ̀lú ẹnu. Dùndún lè gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ó sì lè gbé ìlù ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò lè gbé fáwẹ́lì tàbí kóńsónáǹtì. Lójú awọ, “ìyá”, “bàbá” àti “ìlú” dọ́gba: ìsàlẹ̀, òkè. “Àkúrẹ́” pẹ̀lú “ìyá dé” àti “bàbá dé” kò yàtọ̀ síra ní ti ohùn. Onílù tó bá lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tíì sọ nǹkan kan. Nítorí náà ni kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó máa ń fi oríkì lé orúkọ, ó máa ń lu òwe tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, ó sì máa ń tún un lù. Bí gbólóhùn bá ṣe gùn tó ni iye ìtumọ̀ tó bá ohùn rẹ̀ mu ṣe ń dín kù, títí yóò fi ku ẹyọ kan. John Carrington, míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ṣàlàyé ọgbọ́n kan náà nípa ìlù onígi ti àwọn Lokele nínú ìwé tó kọ ní 1949. Ti àwọn Lokele tilẹ̀ le ju tiwa lọ, nítorí ohùn méjì péré ni èdè wọn ní.

Ìwádìí lórí èyí kò tíì dáwọ́ dúró. Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti gbé ìlù dùndún fún ènìyàn gbọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lè sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ orin lásán.

5.6 Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó

Ọ̀rọ̀ ohùn àti ìtumọ̀ yìí di ìṣòro gidi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Charles Phillips, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS, dé Oǹdó ní 1877, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí tó fi kú ní 1906. Orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ni wọ́n ń kọ nígbà náà, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ohùn orin náà ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. “Ọkọ́” lè di “ọkọ̀” lẹ́nu akọrin. Ìṣòro tó tún jinlẹ̀ jùyẹn ni pé ohùn orin kan ni wọ́n ń lò fún gbogbo ẹsẹ: bí ẹsẹ kìíní bá tilẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ohùn náà, ohùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kì í rí bákan náà. Àwọn tó kọ èdè wa sílẹ̀ kò ṣàìmọ̀ nípa ohùn. Àjàyí Crowther ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orin ni kò tẹ̀ lé àmì.

Ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà, Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí wọ́n bí ní 1884, kọ́ ẹ̀kọ́ dùùrù dé ilé ẹ̀kọ́ orin Trinity ní Lọ́ńdọ̀n. Láti 1914 títí di 1962 ló fi ń tẹ dùùrù tó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Kristi, Èkó. Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde, nínú èyí tó ti jiyàn pé orin àti ọ̀rọ̀ jẹ́ ohun kan náà fún wa, pé ohùn márùn-ún ni ìpìlẹ̀ orin wa, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ orin tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohùn orin gba ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ gbà. Òun fúnra rẹ̀ kọ orin bẹ́ẹ̀ fún ìjọsìn.

Àwọn olórin ló sábà máa ń ka Phillips sí tiwọn. Lójú tèmi, ìwé ìmọ̀ ìró ló kọ pẹ̀lú. Helmholtz béèrè ìdí tí ohùn méjì fi ń bára mu létí ẹni tí èdè rẹ̀ kò lo ohùn láti pààlà ọ̀rọ̀. Phillips béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí etí gbọ́dọ̀ gba orin àti ìtumọ̀ láti ara iye ìgbọ̀n kan náà. Ìbéèrè kejì yìí kò lè wá láti Heidelberg, ìlú tí Helmholtz wà ní Jámánì.

5.7 Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ dá yanrìn gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí awọ gúdúgúdú tàbí ìlù mìíràn tí ẹ gbé kalẹ̀, kí ẹ fi ìka lù ú létí léraléra. Ẹ ya bí yanrìn ṣe kóra jọ. Ernst Chladni ṣe irú rẹ̀ lórí páànù irin, ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní 1787. Kí ni ibi tí yanrìn dúró sí ń sọ nípa gbígbọ̀n awọ?

2. Ẹ wá gbólóhùn mẹ́ta nínú èdè Oǹdó tàbí Àkúrẹ́ tí ohùn wọn bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ó fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìlù tó lè pààlà sí wọn?

3. Níwájú àpáta ńlá Ìdànrè, ẹ dúró sí ibi tó jìn tó mítà 175 sí ògiri òkúta, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sán tí ooru wà ní 30, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló yẹ kó gba ìró láti lọ kó sì padà? Ẹ tún un ṣe ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ooru bá wà ní 18. Ẹ ṣírò bí ìyàtọ̀ náà ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì sọ bóyá aago ọwọ́ lè mú un tàbí kò lè mú un.